Àwọn Ajá Tí Mo Yọ Kúrò Nínú Ìwé

Ọdún kẹta mi ní Houston ni mo di ẹni tó ń kọ ìtàn fún ẹgbẹ́ àwọn tó ń gun ẹṣin, tí wọ́n ń fi ajá lé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kiri pápá. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá ka gbólóhùn yìí lè rò pé àwàdà ni mò ń ṣe. Kì í ṣe àwàdà. Ìwé ẹ̀rí dígírì kejì nínú ìmọ̀ ìtàn wà nínú báàgì mi, mo fi ọ̀rá wé e kí òógùn má bàa rin ín, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ rí i nínú gbogbo ìlú náà.

Ìgbà tí owó epo já lulẹ̀ ni. Ní Houston nígbà náà, bí owó epo bá já, kò sí ohun tí kì í bá a já. Brọ̀dá Lukman, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní Sharpstown, jẹ́ ẹnjiníà ní ilé iṣẹ́ epo kan. Lọ́jọ́ kan, ilé iṣẹ́ náà fún wọn ní páálí pé kí wọ́n kó ẹrù orí tábìlì wọn sí i. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Brọ̀dá Lukman ti ń wa takisí. Nínú apartment tí a ń gbé, ilé tó ṣófo ti pọ̀ ju èyí tí èèyàn wà nínú rẹ̀ lọ. Omi inú swimming pool ti di aláwọ̀ ewé, kò sì sẹ́ni tó dá a.

Mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé bó ṣe ń ṣe mí nígbà náà, torí bí mi ò bá sọ ọ́, ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà kò ní yé èèyàn. Ẹ̀rù ń bà mí. Mò ń jí pẹ̀lú ẹ̀rù, mò ń fi ẹ̀rù fọ eyín. Ẹ̀rù pé mo ti kàwé jù fún iṣẹ́ tó wà, mi ò sì tíì kà á tó fún èyí tí mo fẹ́. Ẹ̀rù pé àwọn ará ilé ti ń fi mí yangàn kí n tó di nǹkan kan. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fojú kéré mí, ó máa ń wà lára mi fún ọjọ́ mẹ́ta. Màá máa dá onítọ̀hún lóhùn nínú ọkàn mi, nínú balùwẹ̀, nínú mọ́tò, nídìí ẹ̀rọ ìfọṣọ.

Ara pátákó ìkéde ní yunifásítì ni mo ti rí káàdì náà. Ẹgbẹ́ ọdẹ kan ń wá ẹni tó lè to àwọn ìwé àtijọ́ wọn jọ, kó sì fi wọ́n kọ ìwé ìtàn kékeré kan fún ayẹyẹ wọn. Ẹgbẹ́ ọdẹ! Ohun tí mo mọ̀ nílé ni mo fi rò ó: àwọn àgbà ọkùnrin, ìbọn ṣakabùlà, ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n fi èéfín gbẹ. Mo wọ síkẹ́ẹ̀tì àti bàtà gogoro, mo wọ mọ́tò àlòkù tí Brọ̀dá Lukman yá mi, mo gba freeway lọ títí ilé fi tán, tó ku oko ìrẹsì àti màlúù. Lẹ́bàá Fulshear ni. Nígbà náà, Fulshear ò ju ìsọ̀ díẹ̀ àti ojú irin lọ.

Igbe ajá ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Nígbà tí mo yà sí ẹ̀yìn abà, mo rí wọn: wọ́n á tó ọgọ́ta, funfun tí àwọ̀ pupa rúsúrúsú dà sí lára, gbogbo wọn dúró sẹ́yìn wáyà, wọ́n ń wò mí bí ẹni pé èmi ni oúnjẹ. Bàbá arúgbó kan jáde láàárín wọn, èèyàn dúdú, gíga, tó wọ bàtà rọ́bà dé orúnkún. Wọ́n wo bàtà tèmi.

“Bàtà yẹn ò ní bá ọ délé,” ni wọ́n wí.

“Ẹ káàárọ̀, sà. Mo wá rí Mrs. Pruitt, akọ̀wé ẹgbẹ́.” Gẹ̀ẹ́sì ni mo sọ o, àmọ́ orúnkún mi ti tẹ̀ fúnra ẹ̀, bí mo ṣe máa ń kí àgbà nílé.

Wọ́n bojú wẹ̀yìn, bóyá ẹlòmíràn ló dúró síbẹ̀ tí mò ń kí. Kò sẹ́nì kankan. “Otis Gaines ni mí,” ni wọ́n wí. “Ṣé orúnkún ń dùn ọ́ ni?”

Kí n tó dáhùn, ajá kan ti yọ ahọ́n láàárín wáyà, ó lá mi lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ilé mùsùlùmí ni wọ́n ti tọ́ mi, ní Ìwó, a kì í sì í fọwọ́ kan ajá. Mo sáré lọ sídìí ẹ̀rọ omi, mo bu iyẹ̀pẹ̀, mo fi fọ ọwọ́, mo sì tún fi omi ṣàn án títí ó fi pé ìgbà méje, bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní ilé kéwú. Bàbá Gaines dúró tì mí, wọ́n ń kà á pẹ̀lú ojú.

“Ẹ má bínú, sà. Ẹ̀sìn mi ni.”

“Mo ti rí ẹni tó ń fi omi wẹ ara ẹ̀ mọ́,” ni wọ́n wí. “Èyí tó ń fi iyẹ̀pẹ̀ wẹ̀ yìí, ojú mi ò rí i rí.” Wọ́n nawọ́ sí ajá náà. “Rhubarb lorúkọ ẹ̀. Kò ní in lọ́kàn láti ṣẹ̀ ọ́.”

Nígbà tí mo padà débẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì, garawa yanrìn funfun kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi náà, pẹ̀lú ìdérí, kí ajá má bàa dé inú ẹ̀. Bàbá Gaines ló gbé e síbẹ̀. Ní gbogbo ọdún mẹ́ta tí mo ti lò ní Amẹ́ríkà, kò tíì sí ẹni tó ṣe irú ẹ̀ fún mi.

Páálí mẹ́rin ni ìtàn ẹgbẹ́ náà wà nínú ẹ̀, nílé Mrs. Pruitt. Àwọn olówó epo mélòó kan àtàwọn onímàlúù ló dá a sílẹ̀ lẹ́yìn ogun Hítílà. Ọ̀kan nínú wọn ti lọ sí Virginia, ó rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀, ó padà dé, ó ní Texas náà gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀. Wọ́n rán kóòtù pupa onírun àgùntàn, ní ìlú tí ooru ti lè din ẹyin. Wọ́n ra fèrè bàbà. Wọ́n ti kọ òfin sílẹ̀ kí wọ́n tó ní ajá ẹyọ kan. Wọn kì í ka ajá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, méjì-méjì ni wọ́n ń kà á. Ẹni tó bá ń kúrò ní pápá gbọ́dọ̀ kí ọ̀gá ẹgbẹ́ pé ó dàárọ̀, ì báà jẹ́ aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀. Oúnjẹ tí wọ́n bá jẹ lẹ́yìn ọdẹ, oúnjẹ àárọ̀ ni orúkọ ẹ̀, ì báà jẹ́ aago méjì ọ̀sán. Èmi tí mo ti ibi tí a ti ń kí ara wa ní wákàtí-wákàtí wá, orí mi dàrú.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ gan-an ò pọ̀ lágbègbè náà. Coyote ni wọ́n sábà ń lé, ẹran kan tó jọ ajá tó rù, tó sì gbọ́n ju gbogbo àwọn tó ń lé e lọ. Bó bá ti ré odò kọjá, fèrè á dún, wọ́n á pe ajá padà, gbogbo èèyàn á yin ara wọn, wọ́n á sì lọ jẹun.

Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé èyí fún màmá mi lórí fóònù. Lọ́jọ́ Sunday, wọ́n máa ń lọ sílé Alhaji kan ládùúgbò wa tó ní fóònù, wọ́n á jókòó tì í títí màá fi pè.

“Iṣẹ́ wo lo wá rí?”

“Mò ń kọ ìtàn ẹgbẹ́ ọdẹ kan, mà.”

“Ọdẹ! Ní Amẹ́ríkà? Kí ni wọ́n ń pa?”

“Wọn kì í sábà pa nǹkan, mà. Wọ́n kàn ń lé e ni.”

“Wọ́n á lé e, wọn ò ní pa á?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ṣé ẹran náà bú wọn ni?”

Mo gbọ́ tí gbogbo pálọ̀ Alhaji ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mi ò sọ̀rọ̀ ajá fún wọn. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀ tán ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi, mi ò sì mọ ẹni tí mò ń bínú sí. Bóyá sí ara mi, pé mo kàwé títí, mo wá di ẹni tí wọ́n ń fi ṣẹ̀rín ní pálọ̀ ẹlòmíràn. Brọ̀dá Lukman ò ṣe é ní kékeré: “Ọ̀mọ̀wé ajá, káàbọ̀ o! Bọ́ aṣọ yẹn sí balcony. Má gbé e kọjá ibi tí mo tẹ́ ẹní ìrun sí.”

Síbẹ̀, kí n má purọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan kan nínú àwọn páálí yẹn tó jọ tèmi. Ẹ̀rù ń ba àwọn èèyàn yẹn náà. Houston ń wú bọ̀ wá bá wọn. Oko tí wọ́n ń gun ẹṣin kọjá lọ́dún kan á ti di ojúlé àti daycare lọ́dún kejì. Owó epo tó já ti lé bíi mẹ́ta nínú wọn kúrò nínú ẹgbẹ́, wọ́n ti ta ẹṣin wọn. Lọ́jọ́ kan tí èmi àti Mrs. Pruitt ń to fọ́tò, wọ́n dédé gbé ọ̀kan dání, wọ́n ní, “Honey, tí a bá tú ká, ta ló máa mọ̀ pé a wà rí?” Àánú wọn ṣe mí. Mo ro ara mi nínú ìlú tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ orúkọ bàbá mi, mo sì rò pé ìbéèrè tí èmi náà ń bi ara mi láràárọ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí ọdún ọdẹ bẹ̀rẹ̀, ní November, àlùfáà kan wá gbàdúrà sórí àwọn ajá. Ó wọ aṣọ funfun, ó dúró láàárín wọn, ó súre fún wọn, fún ẹṣin, fún èèyàn, ó tún súre fún kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Àmọ́ ohun tó gba ọkàn mi lọ́jọ́ náà kì í ṣe àdúrà. Gbogbo èèyàn ló ń pe Bàbá Gaines ní orúkọ wọn lásán, láìsí Mr. níwájú ẹ̀. “Otis, mú Juniper wá!” “Otis, omi dà?” Ọmọbìnrin kan tí mo fi bí ọdún márùn-ún jù lọ na pàṣán sí wọn látorí ẹṣin: “Otis, wáyà yẹn ti tú o!” Bàbá tó lé ní àádọ́rin ọdún! Nígbà tí wọ́n tẹ́ tábìlì sábẹ́ igi fún oúnjẹ àárọ̀ ọ̀sán yẹn, wọ́n fún èmi ní àga, wọ́n yin Gẹ̀ẹ́sì mi. Bàbá Gaines jẹ tiwọn lẹ́yìn ọkọ̀ ajá.

Mo gbé àwo mi lọ bá wọn níbẹ̀.

“Kí ló dé tí ẹ gbà kí wọ́n máa pè yín bẹ́ẹ̀, sà?”

“Pè mí báwo?”

“Otis.”

Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń wo ajá tó jẹ koríko. “Orúkọ mi ni.”

Mi ò gbà. Mo pinnu lọ́jọ́ náà pé nínú ìwé tí mo bá kọ, kò sẹ́ni tó máa pe bàbá yẹn ní orúkọ lásán.

Bàbá Gaines fúnra wọn ò bèèrè ìyẹn lọ́wọ́ mi. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bèèrè. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ Wednesday kan, níbi tí wọ́n ti ń se oúnjẹ ajá, pé kí ni wọ́n fẹ́ kí n kọ nípa wọn.

“Nípa mi? Kò sí. Kọ àwọn ajá.”

“Gbogbo wọn, sà?”

“Ìwé ńlá kan wà ní Virginia tí wọ́n ń kọ orúkọ ajá ọdẹ sí,” ni wọ́n wí, wọ́n ń ro ìkòkò. “Àwọn tòní wà níbẹ̀. Àwọn àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ibí yìí ò sí níbẹ̀. Ajá àgbẹ̀ ni wọ́n, wọn ò ní ìwé. Èmi ni mo lọ gbà wọ́n nídìí ọkọ̀ ojú irin. Inú orí mi nìkan ni wọ́n wà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ẹni tó lè kọ ọ́.” Wọ́n gbé orógùn sílẹ̀. “Ṣé wàá kọ wọ́n?”

“Màá kọ wọ́n, sà.”

“Sínú ìwé wọn yẹn? Tí wọ́n máa tẹ̀ jáde?”

“Sínú ẹ̀, sà. Mo ṣèlérí.”

Ọjọ́ Wednesday mẹ́sàn-án la fi ṣe é. Wọ́n á máa pín oúnjẹ, èmi á jókòó sórí garawa tó dojú dé, wọ́n á máa pè é, èmi á máa kọ ọ́. Ọmọ tí ajá bá bí, lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ìyá ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti mú lẹ́tà kan, wọ́n á tọ̀ ọ́ lọ láti ìyá dé ìyá ìyá, wọn ò ní kọsẹ̀. Wọ́n mọ èyí tí ohùn rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ dún. Wọ́n mọ èyí tó jẹ́ òpùrọ́, tó máa ń gbó nígbà tí kò gbóòórùn nǹkan kan. Mo tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ìwé kábọ́ọ̀nù, kí ẹ̀dà kan lè wà lọ́wọ́ mi, ojú ewé mọ́kànlá.

Kí n sọ òótọ́: ó sú mi. Àwọn orúkọ ajá! Mò ń tẹ̀ ẹ́, inú ń bí mi nítorí wọn. Mo rò pé ayé ti fìyà jẹ bàbá yìí débi pé wọn ò tilẹ̀ mọ̀ mọ́ pé àwọn ni ó yẹ kí èèyàn kọ ìtàn wọn. Torí náà mo kọ ojú ewé kan nípa wọn láìsọ fún wọn, mo sì fi Mr. síwájú orúkọ wọn níbi gbogbo.

Mrs. Pruitt ka ìwé náà tán ní kíṣíìnì wọn, wọ́n gbé tíì oníyìnyín síwájú mi. Wọ́n ti fi pẹ́ńsù fa ìlà sórí gbogbo Mr. náà.

“Honey, ta ni Mr. Gaines?”

“Bàbá tó ń tọ́jú ajá ni, mà.”

“Otis! Kò sẹ́ni tó ń pè é ní Mister. Ọmọ ilé ni. Àwọn èèyàn á rò pé àlejò kan ni.”

“Ẹ jọ̀wọ́, mà, ọkùnrin kan wà lójú ewé kẹsàn-án tó wá sọ́dẹ lẹ́ẹ̀kan péré, tó já sí kòtò, tí kò sì padà wá mọ́. Mr. ló wà níwájú orúkọ ẹ̀.”

“Ẹ̀bùn tó fún wa la fi kọ́ abà.”

“Mi ò lè kọ orúkọ àgbà lásán, mà. Kò sí lọ́wọ́ mi. Níbi tí mo ti wá, bí mo bá ṣe é, bàbá mi á gbọ́ ọ láti Ìwó.” Mo gbé ife tíì náà tì. “Tí ẹ bá yọ ọ́, ẹ yọ orúkọ tèmi náà kúrò lẹ́yìn ìwé.”

Mrs. Pruitt gbé pẹ́ńsù sílẹ̀. Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú, ohun tó sì ń dùn mí nìyẹn. Wọ́n ní àwọn á bá ìgbìmọ̀ sọ ọ́.

Lọ́jọ́ Friday, fóònù dún. “Ìgbìmọ̀ ti jókòó,” ni Mrs. Pruitt wí. “Fọ́tò àwọn ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ wọlé, ojú ewé ò sì tó. Ọ̀rọ̀ náà ò rọrùn, mo jà fún ọ. Mister rẹ á dúró. Ojú ewé tó o kọ nípa Otis náà á dúró. Àmọ́ orúkọ àwọn ajá yẹn máa jáde. Ṣé ó tẹ́ ọ lọ́rùn?”

Mi ò ronú tó bí èèyàn ṣe ń mí lẹ́ẹ̀kan. “Ó tẹ́ mi lọ́rùn, mà. Ẹ ṣeun, mà.”

Mo jó ní pálọ̀. Mo sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe rí. Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sọ fún ẹnikẹ́ni ní orílẹ̀-èdè yẹn pé n kò gbà, tí onítọ̀hún sì yí ọkàn padà. Ó dà bíi pé gbogbo ìgbà tí wọ́n ti wò mí kọjá, gbogbo lẹ́tà tí wọn ò fèsì, mo ti gba ẹ̀san wọn lọ́jọ́ kan. Mo pe màmá mi láìdúró de Sunday, Alhaji ló bá mi jíṣẹ́. Mo sọ fún Brọ̀dá Lukman nígbà tí wọ́n wọlé wá jẹ oúnjẹ ọ̀sán.

“Àgbà oyè!” ni wọ́n wí. “Ọ̀mọ̀wé ajá ti ṣẹ́gun òyìnbó.” Wọ́n ń bu ọbẹ̀. “Kí ni bàbá náà wí sí i?”

“Wọn ò tíì mọ̀.”

“O ò bi wọ́n kó o tó fi ajá wọn ṣe pàṣípààrọ̀?”

“Kí ni mo fẹ́ bi wọ́n, Brọ̀dá? Ṣé wọ́n á ní àwọn ò fẹ́ ọ̀wọ̀ ni? Ṣé orúkọ ajá ló máa ju orúkọ èèyàn lọ?”

“Okay o. Mo kàn bèèrè ni.” Wọ́n jẹun. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ wọ́n ní, “Àmọ́ o ṣèlérí fún wọn, àbí?”

Mo dá wọn lóhùn pẹ̀lú àlàyé gígùn. Mo ní àlàyé gígùn fún ohun gbogbo nígbà yẹn.

Ìwé náà jáde nígbà tí ọdún ọdẹ parí, ní oṣù kẹta. Ẹ̀yìn ẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé, àwòrán fèrè wà lára ẹ̀, orúkọ mi wà lẹ́yìn ní lẹ́tà kékeré. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi lábẹ́ igi. Ọ̀gá ẹgbẹ́ bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo mú ẹ̀dà kan, mo sáré gba ẹ̀yìn abà lọ sọ́dọ̀ Bàbá Gaines.

Wọn ò gbà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ lọ fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, wọ́n nù ún gbẹ, wọ́n wá awò ojú wọn. Wọ́n jókòó. Wọ́n ń kà á lọ, ètè wọn ń mì. Nígbà tí wọ́n dé ojú ewé tiwọn, mo fi ọwọ́ hàn wọ́n: “Ẹ wò ó, sà. Mr. Otis Gaines.”

“Mo rí i,” ni wọ́n wí. Wọ́n ṣí i kọjá. Wọ́n ń ṣí i lọ títí dé ẹ̀yìn, níbi tí àwọn fọ́tò wà, àwọn èèyàn tó ń rẹ́rìn-ín lórí ẹṣin. Wọ́n ṣí i padà. Wọ́n tún ṣí i síwájú, ojú ewé kan lẹ́yìn òmíràn, wọ́n ń fi àtàńpàkò ya àwọn tó lẹ̀ mọ́ra.

“Àwọn dà?”

“Ojú ewé ò tó, sà. Wọ́n ní kí n yan ọ̀kan. Ẹ̀yin ni mo yàn.”

“Ta ló ní kó o yàn mí?”

Mo tún nawọ́ sí Mr. náà.

“Díákónì ni mí ní ṣọ́ọ̀ṣì mi láti ọgbọ̀n ọdún,” ni wọ́n wí. Ohùn wọn ò lọ sókè. “Mister Gaines lọmọdé ń pè mí, Mister Gaines làgbà ń pè mí. Ìyàwó mi gan-an ń pè mí bẹ́ẹ̀ tínú bá ń bí i. Mo ní in nílé. Mi ò wá a débí rí.” Wọ́n pa ìwé náà dé, wọ́n sì fi í lé mi lọ́wọ́. “Àwọn ajá yẹn ò níbòmíràn.”

Wọ́n dìde, wọ́n lọ ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn tó ń gbó.

Mo sunkún nínú mọ́tò títí mo fi dé Sharpstown. Mo padà lọ bẹ Mrs. Pruitt pé kí a tẹ ojú ewé mọ́kànlá náà lọ́tọ̀, kí a ki í bọ inú ìwé. Wọ́n ní, “Honey, a ti tẹ̀ ẹ́ tán. Bóyá nígbà míràn.” Kò sígbà míràn. Láìpẹ́, ẹgbẹ́ náà tú ká, wọ́n pín àwọn ajá fún àwọn ẹgbẹ́ mìíràn. Mo bẹ Bàbá Gaines lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n ní, “Mo gbọ́,” wọn ò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé aláwọ̀ ewé yẹn ni mo fi rí iṣẹ́ ní ilé ìkàwé kan, níbi tí mo wà títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ẹni tó fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò lọ́jọ́ náà ṣí i sí ojú ewé Mr. Gaines, ó ní òun fẹ́ràn bí mo ṣe bọ̀wọ̀ fún òṣìṣẹ́. Mo ní ẹ ṣeun. Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Bàbá Gaines ti kú tipẹ́. Mò ń gbé Sugar Land báyìí, ìwé kábọ́ọ̀nù náà sì ti bá mi kó ilé mẹ́rin. Mo fi ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn àwọn ẹlẹ́ṣin lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní ó gùn jù, wọ́n ní ta ni àwọn ajá wọ̀nyí. Nígbà tí àwọn tó ń ṣe ìwé yìí wá ní kí èmi náà kọ nípa ìgbé ayé mi nílẹ̀ òkèèrè fún àwọn èèyàn wa, wọ́n rò pé òtútù àti ìwáṣẹ́ ni màá kọ. Mo bèèrè iye ojú ewé tí wọ́n fún mi. Mọ́kànlá ò lè wọ ibí náà. Ṣùgbọ́n àwọn àkọ́kọ́ lè wọ̀ ọ́, àwọn tó bá ọkọ̀ ojú irin dé, mo sì kọ wọ́n ní méjì-méjì bí Bàbá Gaines ṣe pè wọ́n fún mi:

Ransom àti Ruby, inú àpótí kan náà ni wọ́n bá dé.

Juno àti Jasper, ọmọ ìyá kan. Jasper kì í gbọ́ tẹnikẹ́ni, fèrè nìkan ló ń gbọ́.

Dinah àti Drummer. Ejò bu Drummer jẹ, ó sì fi ẹsẹ̀ mẹ́ta sọdẹ fún ọdún mẹ́rin.

Patience àti Plowboy. Plowboy ni òpùrọ́ náà.

Tansy àti Trouble, ìyá gbogbo àwọn onílẹ́tà T.

Bell, àti èkejì rẹ̀ tó kú lójú ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́ lórúkọ. Bàbá Gaines ní kí n fi àyè sílẹ̀ fún un lórí ìlà: